Kámẹ́rà onífíìmù létí òkun Àgbádárìgì

Fọ́tò kan wà nínú álíbọ́ọ̀mù ìyá mi tí wọ́n yà ní Bar Beach, l'Ékòó, kí wọ́n tó bí mi. Bùbá funfun ló wọ̀, ó wé gèlè, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo nǹkan ló jáde nínú fọ́tò yẹn àfi ojú ìyá mi. Yanrìn hàn kedere, ìgbì ń hó funfun, èèyàn lè ka ìlà ara gèlè, ṣùgbọ́n ojú dúdú bí ìdí ìkòkò. Ayàwòrán tó ń rìn káàkiri etí òkun ló yà á, ó gbowó rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. A ò lè padà lọ tún un yà. Wọ́n ti fi yanrìn dí apá ibẹ̀, Eko Atlantic ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀, ìyá mi náà sì ti di ìyá àgbà.

Torí irú fọ́tò yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Ó ti pé ọdún mélòó kan tí mo ti ń gbé kámẹ́rà onífíìmù lọ sí Àgbádárìgì, láàárọ̀ lọ, nírọ̀lẹ́ bọ̀. Ẹni tó ti ń ya fíìmù tẹ́lẹ̀ lè rí nǹkan mú níbí, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá kámẹ́rà bàbá rẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí, tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, òun gan-an ni mo ní lọ́kàn.

Kámẹ́rà tí ẹ máa gbé

Pentax K1000 ni mò ń lò. Àbúrò bàbá mi ló rà á, ọwọ́ rẹ̀ ló ti dé ọwọ́ mi. Ọdún 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀, wọn ò sì dáwọ́ dúró títí di 1997, ìdí nìyẹn tó fi ṣì pọ̀ nílé àwọn èèyàn. Irin àti gíláàsì ni. Bátìrì kékeré bíi ti aago ọwọ́, LR44, ló ń lò, mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ni bátìrì náà sì wà fún. Bó bá kú lójú ọ̀nà, ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù, á ṣì máa ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń tún aago ṣe ní bátìrì yìí, ẹ ra méjì.

Bó bá jẹ́ Olympus Trip 35 ni ẹ ní, kò burú rárá. Kò lo bátìrì kankan, ìmọ́lẹ̀ tó bá gíláàsì olójú wẹ́wẹ́ tó yí lẹ́ńsì rẹ̀ ká ló fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó máa wọlé, yanrìn á sì tàn án jẹ. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà tan òun: bí fíìmù yín bá jẹ́ 200, ẹ yí ASA rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù ṣe yára gba ìmọ́lẹ̀ sí, sí 100. Á rò pé fíìmù náà kò yára, á sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì wọlé. Bí ẹni tí ẹ ń yà bá kẹ̀yìn sí oòrùn, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ dé nítòsí 50, kí ẹ sì rántí dá a padà.

Ohun tí ń kò fọwọ́ sí ni pé kí èèyàn gbé kámẹ́rà tí kò tíì fi ya nǹkan kan rí lọ sétí òkun.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà nígbà tí kò sí fíìmù nínú rẹ̀, kí ẹ wo fóòmù dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà létí ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ fi ìka kàn án. Bó bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ bí ọ̀dà, ó ti jẹrà, ìmọ́lẹ̀ á máa gba ibẹ̀ wọlé. Nínú yàrá ẹ lè má rí i, ṣùgbọ́n oòrùn etí òkun máa fi ìlà pupa sí ara gbogbo fọ́tò yín. Ẹ fi igi ìtayín àti spíríìtì díẹ̀ ha fóòmù tó jẹrà náà kúrò, kí ẹ fi òmíràn sí i. Bí kò bá sí fóòmù, òwú dúdú tó nípọn lè rọ́pò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dojú lẹ́ńsì kọ fèrèsé, kí ẹ máa wo inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn tó wà ní ṣíṣí, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ní 1/1000, 1/250 àti 1/60, ìyẹn ìdá ìṣẹ́jú-àáyá kan tí ṣọ́tà fi ń wà ní ṣíṣí. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ yín lójú nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí apá kan bá ṣókùnkùn ní 1/1000, ẹ gbàgbé nọ́ńbà yẹn. 1/500 tó wa.

Ó ku mítà. Fún ẹni tí nọ́ńbà f kò tíì yé: ihò inú lẹ́ńsì ni wọ́n ń wọ̀n. Láti f/2, f/2.8, f/4, f/5.6, f/8, f/11, f/16 títí dé f/22, bí nọ́ńbà ṣe ń tóbi ni ihò ń kéré, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ń gé ìmọ́lẹ̀ sí ìdajì. Nígbà tí oòrùn bá ràn gan-an, tí kò sí kùrukùru, fíìmù 200 ń fẹ́ 1/250 àti f/16. Bẹ́ẹ̀ ló rí l'Ékòó, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílùú òyìnbó. Ẹ jáde sí oòrùn, ẹ fi kámẹ́rà wo koríko tútù. Bí abẹ́rẹ́ mítà bá dúró sáàárín ní f/16 tàbí ìpele tó tẹ̀ lé e, mítà yín kò parọ́. Bó bá jìnnà síbẹ̀ gan-an, ẹ kọ òfin oòrùn yẹn sórí ìwé péńpé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà, kí ẹ má wo mítà mọ́.

Ẹ wá fi fíìmù kan ya àdúgbò yín, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì wò ó dáadáa kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé.

Fíìmù

Fún àwọ̀, Kodak Gold 200, èyí tó ní fọ́tò 36. Fún dúdú àti funfun, Ilford FP4 Plus tó jẹ́ 125. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ fẹ́ràn 400, èmi náà ń lò ó nínú ilé, ṣùgbọ́n létí òkun ní ọ̀sán, fíìmù 400 máa lé kámẹ́rà dé òpin agbára rẹ̀: 1/1000 àti f/11 kí ẹ tó mí.

Ẹ má ra fíìmù tó ti wà nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn ń wọ̀ láti ọdún mélòó kan. Ooru ń ba fíìmù jẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí lọ. Nílé, inú fíríìjì ni kó wà, kí ẹ sì gbé e jáde ní wákàtí méjì kí ẹ tó ṣí i, kó má baà làágùn. Bí ẹbí bá ń bá yín rà á bọ̀ láti London, kó gbé e sínú àpò ọwọ́, kó sì bẹ àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú pé kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ń wo inú àpò máa ń ba fíìmù jẹ́.

Fíìmù kan ni mo máa ń yà lọ́jọ́ kan. Òmíràn wà nínú àpò, ṣùgbọ́n n kì í pààrọ̀ fíìmù lórí yanrìn láéláé. Hóró yanrìn kan ṣoṣo tó bá wọ ẹ̀yìn kámẹ́rà máa fa ìlà sára nẹ́gátíìfù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ohun tó lè pa ìlà yẹn rẹ́. Nítorí náà mo ń pín 36 yẹn kí n tó kúrò nílé: bíi mẹ́jọ fún ìlú, mẹ́rin fún ọ̀sà, ogún fún etí òkun, kí mẹ́rin kù fún ìpadàbọ̀. Ẹni tí kò bá pín in, orí àgbọn ni yóò ti ná an tán.

Ohun tó máa wà nínú àpò

Àpò tó ní síìpù, kì í ṣe èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọ̀rá méjì tó mọ́, tó lágbára, tó lè gba kámẹ́rà. Aṣọ ìnura kékeré kan fún ọwọ́ nìkan. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti rọ́bà tí a fi ń fẹ́ eruku. Àwọn àpò péńpé tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, èyí tí ọ̀pọ̀ ń jù nù, ẹ máa kó wọn pamọ́, torí ọ̀rinrin ni wọ́n ń fà mu. Fíítà UV, gíláàsì pẹlẹbẹ kan tí a ń yí mọ́ iwájú lẹ́ńsì, máa wà níbẹ̀ láti ilé, kí iyọ̀ lè bà lé e dípò kó bà lé lẹ́ńsì gan-an. Ìbòrí lẹ́ńsì náà ṣe pàtàkì, torí ìmọ́lẹ̀ ń ti ilẹ̀, ti omi, ti ojú ọ̀run wá lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́ńsì kan péré, 50mm. Ẹni tó bá ń yọ lẹ́ńsì létí òkun ń ṣílẹ̀kùn fún yanrìn.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Ẹ ki fíìmù sínú kámẹ́rà nílé, lórí tábìlì. Ẹ fa ọ̀pá tó wà lápá òsì sókè kí ẹ̀yìn ṣí, ẹ gbé fíìmù sí i, ẹ tẹ ọ̀pá náà padà. Ẹ fa ẹnu fíìmù lọ sí apá ọ̀tún, ẹ ki i bọ ihò tóóró tó wà lára róòlù, ẹ rí i pé eyín méjèèjì wọ inú ihò ẹ̀gbẹ́ fíìmù lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá ìfàfíìmù tó wà lókè lápá ọ̀tún fa á lẹ́ẹ̀kan, ẹ pa ẹ̀yìn dé. Ẹ rọra yí ọwọ́ ìkáfíìmù tó wà lórí ọ̀pá apá òsì lọ síbi tí ọfà rẹ̀ kọjú sí títí fíìmù fi máa fà gán-ín. Wàyí o, bí ẹ ṣe ń fa fíìmù sí nọ́ńbà 1, ẹ máa wo ọwọ́ ìkáfíìmù náà. Bó bá ń yí, fíìmù ń rìn. Bí kò bá yí, ẹ ṣí i kí ẹ tún un kì. Mo ti rí ẹni tó ya odindi ọjọ́ kan pẹ̀lú fíìmù tí kò kúrò lójú kan, ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ sì ni.

Ẹ gbé òrùka nọ́ńbà ṣọ́tà sókè, ẹ yí i kí 200 jáde. Ẹ fi ìdérí bo lẹ́ńsì, torí K1000 kò ní ibi tí wọ́n ti ń pa mítà: ìmọ́lẹ̀ tó bá ń wọlé ló ń jẹ bátìrì.

Ojú ọ̀nà

Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń kúrò nílé. Rélùwéè aláwọ̀ búlúù tó ti Marina l'Ékòó wá ń dé Mile 2, ibẹ̀ ni ọkọ̀ Àgbádárìgì wà, ṣùgbọ́n ní tèmi, ẹni tó bá fẹ́ bá ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ kò gbọdọ̀ dúró de rélùwéè. Ọ̀nà yẹn kan náà ló lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, nítorí náà ẹ máa bá ọ̀pọ̀ agbófinró pàdé: ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù, imigiréṣọ̀n. Kámẹ́rà máa wà nínú àpò ní gbogbo àsìkò yẹn. Ẹ má ṣe ya ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ní éésì ni ẹ wọ̀, ẹ má yọ kámẹ́rà ní kété tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Irin tútù tó bá pàdé afẹ́fẹ́ ọ̀sà máa làágùn bí ìgò omi inú fíríìjì, nínú lẹ́ńsì pàápàá. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àpò fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sí oòrùn.

Nínú ìlú

Ọ̀pọ̀ máa ń sáré kọjá ìlú lọ síbi òkun, èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, wà ní Marina Àgbádárìgì, ojú ọ̀sà ló sì kọ sí. Ẹ yà á láàárọ̀, kí oòrùn tó gun orí òrùlé.

Ilé Sẹ̀ríkí Williams Abass, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú pamọ́ láti 1840, yàtọ̀ pátápátá. Ẹrú ni Abass fúnra rẹ̀ nígbà kan, wọ́n mú un dé Brazil kó tó padà wá di oníṣòwò ẹrú. Yàrá rẹ̀ kéré, ó ṣókùnkùn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mú yín ká bóyá ẹ lè ya fọ́tò. Bó bá gbà, ẹ ṣí lẹ́ńsì dé f/2, ṣọ́tà ní 1/30, ẹ fara ti ògiri kí ọwọ́ má baà gbọ̀n, ẹ mí jáde kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan tàbí méjì tó. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

Lórí ọ̀sà

Etí omi ìlú ni ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí erékùṣù Gberefu. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì ìdáàbòbò, kí okùn kámẹ́rà wà lọ́rùn lábẹ́ rẹ̀, kí kámẹ́rà wà nínú ọ̀rá títí ọkọ̀ á fi kúrò létí. Omi ń ta bí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ní àárín ọ̀sà, ẹ lè yọ ọ́. Ọkọ̀ ń mì, nítorí náà ṣọ́tà kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ ju 1/250 lọ, 1/500 ló dára jù, ẹ má sì fi ìgbọ̀nwọ́ gúnlẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, torí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń wa ọkọ̀, tó dojú kọ oòrùn àárọ̀, ni fọ́tò tó dùn jù lórí ọ̀sà yẹn.

Láti ibi tí ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ sí òkun, lórí yanrìn, láàárín igi àgbọn. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n mú àwọn ẹrú gbà. Kànga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ pé wọ́n ń fún àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú ní omi inú rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. N kì í ya fọ́tò kankan títí mo fi máa kọjá ibẹ̀.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

A ti dé òkun. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà.

Mítà kámẹ́rà kò mọ ohun tó ń wò. Ó gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ní ayé yìí, bí a bá pò ó pọ̀, á jẹ́ àwọ̀ eérú, kò funfun, kò dúdú. Létí òkun, yanrìn ń tàn, omi ń tàn, ojú ọ̀run ń tàn. Mítà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á ní kí ẹ pa ihò lẹ́ńsì pọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tirẹ̀, yanrìn á di eérú, èèyàn dúdú tó dúró sórí yanrìn náà á di èédú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi nìyẹn.

Ohun kejì tún wà. Ní gbogbo etí òkun wa, láti Èkó dé Àgbádárìgì, gúúsù ni òkun wà. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, gúúsù náà ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà, lórí òkun gan-an. Ìgbà yẹn náà sì ni a máa ń lọ etí òkun jù: Kérésìmesì, ọdún tuntun. Ẹni tó bá kẹ̀yìn sí òkun kí wọ́n lè ya ìgbì mọ́ ọn ti kẹ̀yìn sí oòrùn nìyẹn, òjìji ara rẹ̀ ló wà lójú rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, oòrùn ọ̀sán ti rékọjá orí wa lọ sí àríwá, á wá tàn sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti iwájú. Etí òkun kan náà, ìdúró kan náà, fọ́tò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mo ti ń wo ọjọ́ tó wà lórí kàlẹ́ńdà kí n tó sọ ibi tí èèyàn máa dúró.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ na ọwọ́ yín, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú síbi tí ojú ẹni náà kọjú sí, nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà tó wà lójú rẹ̀. Bó bá wà nínú òjìji, kí àtẹ́lẹwọ́ náà wà nínú òjìji. Ẹ sún kámẹ́rà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí kò fi ní sí nǹkan mìíràn nínú ojú ìwòran, kò pọn dandan kó ríran kedere. Ẹ yí ihò lẹ́ńsì títí abẹ́rẹ́ fi máa dúró sáàárín. Àtẹ́lẹwọ́ gbogbo èèyàn, dúdú tàbí pupa, mọ́lẹ̀ ju àwọ̀ eérú lọ ní bí ìpele kan, nítorí náà ẹ ṣí lẹ́ńsì ní ìpele kan sí i. Ibẹ̀ ni kó wà. Ẹ padà sí àyè yín, ẹ ya fọ́tò, ẹ má tún wo abẹ́rẹ́ mọ́, torí á máa ké pe yín pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Yanrìn ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà ṣe é. Fíìmù 200, ṣọ́tà 1/250. Mítà wo gbogbo etí òkun, ó ní f/22. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi nínú òjìji ẹni tó kẹ̀yìn sí oòrùn, ó ní f/11. Mo ṣí ìpele kan, ó di f/8. Láti f/22 dé f/8 jẹ́ ìpele mẹ́ta. Ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú ẹni náà nílò jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ èyí tí mítà fẹ́ fún un. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tẹ fọ́tò náà lẹ́yìn tí ojú tó ti sọnù báyẹn máa padà.

Bí oòrùn bá kọjú sí ẹni náà tààrà, f/16 ni òfin sọ, ṣùgbọ́n fún awọ ara dúdú mo máa ń lo f/11. Nẹ́gátíìfù alálàwọ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ àlékún ní ìpele méjì láìṣe nǹkan kan. Àìtó ìmọ́lẹ̀ ni kò gbà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà fíìmù kò sọ èyí, torí kì í ṣe àwa ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n kọ ọ́.

Àsìkò ọyẹ́ tún yàtọ̀ díẹ̀. Eruku ọyẹ́ máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, òjìji kì í gún, ojú èèyàn kì í sì í ní àwọ̀ méjì. Ẹ ṣí ìpele kan sí i. Mo fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ ọyẹ́ ju gbogbo ìmọ́lẹ̀ ọdún lọ.

Nínú ọjọ́ kan, àárọ̀ títí di aago mẹ́wàá ló dára jù. Bí ẹ bá kọjú sí òkun, apá òsì ni oòrùn ti ń bọ̀, ó ń kan ẹ̀gbẹ́ ojú, imú àti ìlà ojú ń hàn. Láti aago mọ́kànlá dé mẹ́ta, ẹ wá abẹ́ igi àgbọn lọ. Yanrìn tó wà lóòrùn níwájú á máa da ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú ẹni tó jókòó níbòji, ìmọ́lẹ̀ náà á rọ̀ bí ẹni fi aṣọ sẹ́ ẹ.

Àwọn èèyàn, àti òkun fúnra rẹ̀

Àwọn Ègùn ló ni ilẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ wọn sì gbọ́ Yorùbá. Bí ẹ bá bá àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n, ẹ kí wọn kú iṣẹ́, ẹ bá àgbà wọn sọ̀rọ̀, kámẹ́rà ṣì máa wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá bá wọn fa okùn, ẹ fà á. Fọ́tò tí mo yà lẹ́yìn tí mo fa okùn dára ju èyí tí mo yà ṣáájú lọ, torí wọn kò wò mí mọ́.

Òkun Àgbádárìgì lágbára, ó ń fà. Ẹ má kẹ̀yìn sí i nígbà tí ojú yín bá wà nínú kámẹ́rà, ẹ má sì fà sẹ́yìn lọ sí omi láti lè rí gbogbo èèyàn nínú fọ́tò. Ibi tí yanrìn ti gbẹ ni kí ẹ dúró sí.

Bí omi iyọ̀ bá ta sí kámẹ́rà, ẹ fi aṣọ tí ẹ fi omi mímu rin díẹ̀ nù ún lójú ẹsẹ̀, ẹ wá fi èyí tó gbẹ nù ún. Ẹ má fi etí ẹ̀wù nu lẹ́ńsì láìkọ́kọ́ fẹ́ ẹ, yanrìn ń fá gíláàsì. Bó bá jábọ́ sínú òkun pátápátá, ẹ yọ bátìrì, ẹ má fa fíìmù, ẹ má tẹ bọ́tìnnì, kí alátùn-únṣe rí i lọ́jọ́ náà. Fíìmù inú rẹ̀ lè yè: nínú òkùnkùn birimù, ẹ yọ ọ́, ẹ sọ ọ́ sínú ike tó ní omi tútù tó mọ́, kí ìmọ́lẹ̀ má kàn án, kí ẹ fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ rárá. Fíìmù tó bá gbẹ pẹ̀lú iyọ̀ máa lẹ̀ pọ̀ mọ́ ara rẹ̀.

Kí aago mẹ́rin tó lù, mo ti ń padà sí ọkọ̀. Kò sí fọ́tò ìwọ̀ oòrùn kan tó tó kéèyàn dá ọ̀sà kọjá lóru.

Nígbà tí ẹ bá délé

Fíìmù tó tán kò ní gbà kí ẹ fa á mọ́. Ẹ má fi agídí fà á. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kékeré tó wà nísàlẹ̀ kámẹ́rà, ẹ ṣí ọwọ́ ìkáfíìmù tó wà lápá òsì, ẹ máa ká fíìmù padà díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ náà á fi fúyẹ́ lójijì. Lásìkò ọyẹ́, ẹni tó bá ń ká a kíákíá lè rí àmì bí mànàmáná kéékèèké lára fọ́tò, torí afẹ́fẹ́ ti gbẹ.

Kí ẹ tó sùn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá gbogbo kọ́rọ́ ara kámẹ́rà, ẹ nù ún, ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú àwọn àpò péńpé inú páálí bàtà. Ẹ má tì í mọ́ inú àpò aláwọ rẹ̀. Awọ ń mú ọ̀rinrin mọ́ra, láàárín oṣù mélòó kan, nǹkan á ti máa hù nínú lẹ́ńsì bí òwú aláǹtakùn.

Fíìmù alálàwọ̀, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ṣì ní ẹ̀rọ ìfọfíìmù, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ nẹ́gátíìfù padà. Dúdú àti funfun lèèyàn lè fọ̀ nílé. Ohun tó ń dá wa láàmú níbí ni omi: ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára oògùn ìfọfíìmù jẹ́ 20°C, omi ẹ̀rọ wa sì máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Mo máa ń gbé ìgò oògùn sínú báàfù tó ní yìnyín títí tẹmómítà á fi sọ 20. Ẹ má sọ yìnyín sínú oògùn fúnra rẹ̀. Ilford HP5 Plus, èyí tó jẹ́ 400, nínú oògùn tí wọ́n ń pè ní ID-11 tí a kò bu omi là gba ìṣẹ́jú méje ààbọ̀ ní ìwọ̀n yẹn. FP4 ní tirẹ̀, ẹ wo páálí oògùn. Ẹ fi í kọ́ sílé ìwẹ̀ láti gbẹ, lẹ́yìn tí ẹ bá ti da omi gbígbóná sílẹ̀ níbẹ̀ kí eruku lè bà lẹ̀.

Nígbà tí fọ́tò bá jáde, ẹ tẹ ẹ̀dà kan fún àwọn apẹja náà, ẹ fi rán awakọ̀ ojú omi. Tiyín, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ, ibi àti ọjọ́ síbẹ̀. Kì í ṣe báírò, torí báírò máa ń là á já dé iwájú.